Lọ́rì Bàbá Mi Tí Wọ́n Lù Ní Gbàǹjo Lórí Tábìlì Olúwa

Ohun tí a pàdánù ni lọ́rì kan tí kò gùn ju ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́ lọ. Pákó, agolo mílíìkì àti àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì ni mo fi kàn án. Mo kùn ún ní ọ̀dà oríṣi méjì tó gun ara wọn, mo sì gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́, nítorí pé ojú bàbá mi kò ríran mọ́, kí ó lè fi ọwọ́ rí ọkọ̀ tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wà. Kò sí fọ́tò ọkọ̀ náà níbì kankan. Èyí tí mo kàn yẹn nìkan ni àwòrán rẹ̀ tó kù láyé, kò sì sí mọ́. Olè kọ́ ló jí i, iná ilé kọ́ ló jó o. Ṣọ́ọ̀ṣì ló tà á, pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́, lójú àlùfáà, nígbà tí èmi tí mo kàn án wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn níbi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ wọn.

Mo ń kọ èyí kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó parí nínú ilé. Inú ilé wo? Wọn kò tà á nínú ilé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi tà á.

Kí n tó dé ìdí ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkìrun gbà pé eré ọmọdé ni. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí mo bá ti ẹnu iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, tí mo jẹun tán, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì ni mo máa ń jókòó sí, tí mo máa ń kan mọ́tò kéékèèké. Kì í ṣe mọ́tò tí ọmọdé ń fi okùn fà kiri. Mọ́tò tó ní ìwọ̀n ni. Gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ gidi ni mo máa ń wọ̀n, tí mo sì máa ń pín sí ọ̀nà ogún, tí mo wá ń mú ìdá kan péré níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Bí ẹ bá yí sìtiárín, àwọn táyà iwájú gbọ́dọ̀ yà síbi tí ẹ yí i sí, èyí tí n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akérò tó ń ná Ìkìrun sí Òṣogbo.

Ìyàwó mi kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a dúró lẹ́bàá títì tí a ń retí ọ̀kadà, ó wojú mi láti òkè délẹ̀.

"Dádì," ó ní, "mọ́tò ti kún inú ilé wa o. Lórí àga, mọ́tò. Lórí fíríìjì, mọ́tò. Ọ̀kadà la sì ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Òtítọ́ tó bá gún régé bẹ́ẹ̀ kò nílò àfikún.

Nínú iṣẹ́ yìí, kíkùn ló le jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní sùúrù lè gé pákó kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra; ọ̀dà ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ki jù, yóò bo àlàfo ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀, mọ́tò yóò sì dà bí ọṣẹ tí òjò pa. Bí ó bá ṣàn jù, yóò kó jọ sí ìdí bí ẹkún sí àgbọ̀n. Mo máa ń fi sírínjì wọn tínà tó ń mú ọ̀dà ṣàn sí i, n ó fi burọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju ti ìpéǹpéjú lọ kùn ún, n ó jẹ́ kó gbẹ, n ó ki sáńpépà bọ omi kí n fi ra á lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kí n tó tún un kùn. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé, kí ẹ má kun nǹkankan, nítorí pé eruku Ìkìrun kì í béèrè kó tó wọlé. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò lójú ọ̀nà Ìbà ni mo ti máa ń gba àṣẹ́kù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo na ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i.

"Tíṣà, kí lẹ fẹ́ kùn?"

"Mọ́tò."

Ó wo ìdérí náà, ó wo ojú mi. "Odindi mọ́tò?"

"Odindi rẹ̀."

"Ó dáa," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kán ọ̀dà sínú ìdérí bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lóògùn. "Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ bá mi fi kun kẹ̀kẹ́ mi."

Bàbá mi jẹ́ awakọ̀. Òkukù ló ń gbé, òun àti ìyá mi, nínú ilé tó kọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà. Lọ́rì onípákó ni, irú èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ irin tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ igi. Iṣu ló ń kó láti Òkukù lọ sí Òṣogbo, pẹ̀lú àwọn tó ni iṣu lórí iṣu wọn. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì ló ta ọkọ̀ náà. Kò sọ fún mi pé tìtorí mi ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú pátápátá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí kò yọrí sí rere, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́rì náà lójoojúmọ́ bí ẹni pé ó gbé e sí ìta kan tí kò rántí mọ́, mo pinnu láti kàn án fún un.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gba ìwọ̀n. Òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń gbé e sínú páálí, tí mo máa ń gbé páálí lé itan nínú ọkọ̀ akérò láti Ìkìrun, kọjá Inísà, títí dé Òkukù. Bàbá mi yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá àṣìṣe.

"Ta ló gbé orí yìí fún un?"

"Èmi ni, sà."

"Ó ga jù. Lọ́rì mi kò gbéraga."

Mo gbé e padà, mo gé orí rẹ̀ kù. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ó ti kúrú jù, pé kí ni mo ń bá lọ́rì òun jà sí. Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí orí fi dọ́gba, tí pákó ẹ̀gbẹ́ fi dọ́gba, tí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tí àwọn èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé fi wà níbi tó yẹ. Ó wá ku àwọ̀.

"Búlúù ni," bàbá mi wí.

Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kò gbójú sókè. "Gírínì ni."

"Búlúù."

"Gírínì. Ṣebí èmi ni mò ń fọ̀ ọ́."

"Ìwọ lò ń fọ̀ ọ́, èmi tí mò ń wà á ńkọ́?"

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wà á, iwájú lẹ̀ ń wò. Èmi ni mò ń wo ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dá ilé rú. Bàbá mi ní ojú tí òun fi rí ọkọ̀ náà, ojú tó mọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ti ìsinsìnyí bú òun. Ìyá mi ní kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni, gírínì ni. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni wọ́n fi ẹjọ́ náà sùn. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi bu ẹran sínú ọbẹ̀ mi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. "O ò jẹ́ kùn ún ní gírínì," ó sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí kò sọ nǹkankan. Èmi olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n fẹ́ fi ẹran ra ẹ̀rí lẹ́nu mi.

Ìyá mi náà ló mú ìdájọ́ wá. Ó rántí pé nígbà kan tí bàbá mi pààrọ̀ pákó ìdí ọkọ̀ náà, bàbá tirẹ̀ ní Inísà tọrọ èyí tó gbó, ó sì fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Mo kó sáńpépà, mo gba Inísà lọ. Àbúrò ìyá mi ló wà nílé ńlá báyìí. Ó mú mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dúdú, ó yi, ewúrẹ́ kan sì fara tì í bí ẹni tó ni ilé. Mo kúnlẹ̀, mo da omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra á.

"Ṣé láti Ìkìrun," àbúrò ìyá mi béèrè, "lo ti wá wẹ ilẹ̀kùn ewúrẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí o bá parí, ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀."

Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ bó. Lẹ́yìn ẹrẹ̀, búlúù yọ. Inú mi dùn fún bàbá mi. Mo tún ra díẹ̀ sí i, búlúù náà ṣí, gírínì yọ lábẹ́ rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀ bí ewé tòjò. Lẹ́yìn gírínì, igi. Mo jókòó sílẹ̀ láàrin ìgbẹ́ ewúrẹ́, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní àwọn méjèèjì ló jàre. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èwo ló wà lókè?"

"Búlúù, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Mo gbọ́ tí ìyá mi gba fóònù. "Èwo ló kọ́kọ́ dé?"

"Gírínì, mà."

"Ó tán nìyẹn."

Bí mo ṣe kùn ún nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ mi wà. Mo kọ́kọ́ kun gbogbo rẹ̀ ní gírínì, bí ẹni pé èyí ni yóò lò títí ayé. Nígbà tó gbẹ dáadáa, mo kun búlúù lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni mo mú sáńpépà tó kúná jù lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ ara mi rẹ́: ní etí pákó tí okùn iṣu ti máa ń ha á, ní ẹnu ilẹ̀kùn tí ìgúnpá awakọ̀ ti máa ń gbé, àti lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, títí gírínì fi yọjú níbẹ̀ bí ẹni tó ń ti inú ilé wo ìta. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí mo gbé e dé Òkukù, ìyá mi yí i po, ó rí gírínì rẹ̀, ó bọ́ sínú ilé, ó ń kọrin. Bàbá mi gbé e lé itan. Ọwọ́ rẹ̀ gba orí ọkọ̀ lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó dé àtẹ̀gùn, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúró sí ibi tí mo ti ra ọ̀dà kúrò.

"Ibí yìí ti jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bí wọ́n bá ń gùn ún." Kò gbé àtàǹpàkò náà kúrò. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́rì náà yóò wà lórí itan rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yóò sì wà lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Ìkórè wá dé.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí n là á yé e. Lọ́jọ́ náà, ohun gbogbo tí àwọn ènìyàn bá gbé wá sórí tábìlì ńlá tó wà níwájú ni a máa ń lù ní gbàǹjo lẹ́yìn ìwàásù: iṣu, adìyẹ, páálí ìńdómì, ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá sì rà á kì í sábà gbé e lọ. Yóò ní òun tún fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ, wọn yóò sì tún un tà. Mo ti rí àkùkọ kan tí wọ́n tà títí ó fi sùn.

Alága ìgbìmọ̀ ìkórè, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló tọ̀ mí wá. Ó ti gbọ́ nípa lọ́rì. Ó ní ọ̀rọ̀ ọdún náà dá lórí oko àti ọjà, pé kí n jẹ́ kí àwọn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ láàrin iṣu.

"Bàbá mi ló ni ín, sà," mo wí. "Wíwò nìkan ni o."

"Ha! Tíṣà! Ṣé àwa náà ò mọ iyì nǹkan ni?"

Mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó pẹ́ kó tó gbé e fún mi.

"Ṣé yóò padà lọ́jọ́ kan náà?"

"Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, sà."

"Kó má sùn síta o. Lọ́rì mi kì í sùn síta."

Mo gbé e sí àárín iṣu ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè. Nítorí pé mo mọ àwọn ènìyàn wa, mo lẹ pépà mọ́ ọn níwájú, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: WÍWÒ NI, KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ìjọ wò ó. Ẹni tó wàásù lọ́jọ́ náà, ọmọ ìjọ wa tó ti lọ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Inísà, fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù rẹ̀. Ó parí, a ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo ni jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì kú tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ físíìsì nínú ìjọ tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá kú? Gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ mi. "Tíṣà, ẹ gbà wá!" Mo bọ́ kóòtù, mo gba ẹ̀yìn lọ, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ìyẹ̀pẹ̀ nínú aṣọ ìkórè mi, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo ra á, mo fẹ́ ẹ, mo dá a padà, mo fa okùn. Ó bú ramúramù. Ohùn alágbàǹjo sì bú jáde láti inú ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀:

"…ẹni tó mú un wá ní kí ẹ wò ó! Ó kọ ọ́ síbí! Ẹ wò ó! Ṣé ẹ ti wò ó? Ó dáa! Ta ni yóò rà á?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo sáré wọlé pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Kí n tó la àárín èrò kọjá, àlejò pàtàkì ọjọ́ náà ti rà á ná, ó sì ti dá a padà fún Olúwa. Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ti rà á tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti dá a padà. Mo dé iwájú.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," mo wí. "Kì í ṣe títà."

Alágbàǹjo fi ìgúnpá ti tábìlì, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Inú ẹ̀rọ ló ti dá mi lóhùn kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Tíṣà wa, ohun tó bá ti dé orí tábìlì Olúwa, ti Olúwa ni."

"Ìgúnpá yín wà lórí tábìlì," mo wí. "Jígí ojú àlùfáà wà lórí tábìlì. Ẹ tà wọ́n."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ wọn. Ìyá kan lẹ́yìn mi ń bẹ̀ mí pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ìkórè jẹ́." Àlùfáà gbé jígí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì wọ́ọ́rọ́wọ́, mo rí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ìsìn ná." Kí n tó tún sọ̀rọ̀, obìnrin oníṣòwò aṣọ kan ti dìde, ó ti rà á, ó sì gbé e lé oníwàásù lọ́wọ́. "Mo fi fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run," ó ké. "Bí kékeré rẹ̀ ṣe dé, ńlá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà!" Àmín tí wọ́n ṣe, bí jẹnẹrétọ̀ bá kú nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kí ìjọ tó túká, oníwàásù ti gun ọ̀kadà lọ sí Inísà. Lọ́rì bàbá mi wà lórí itan rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, lọ́rì náà sì sùn síta.

Mo fẹ́ tọ oníwàásù lọ ní ọjọ́ kejì. Alága ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìgbìmọ̀ yóò bá a sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó. Ìgbìmọ̀ ní kí n ní sùúrù. Ìgbìmọ̀ tún jókòó, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìkórè tó yọrí sí rere. Nígbà tí mo rí i pé ìjókòó ni iṣẹ́ wọn, mo lọ sí Inísà fúnra mi.

Lórí àpótí kan níwájú ilé ìjọsìn oníwàásù náà ni mo ti bá lọ́rì, lórí aṣọ àlà. Mo kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi ayùn gé gbogbo pákó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Wọ́n ti kun èyí tó kù ní ọ̀dà funfun, ọ̀dà ara ògiri, èyí tó ti bo àlàfo ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Òróró àti lọ́fíńdà tí wọ́n ń dà sí i lórí ti jẹ ọ̀dà náà sí kókó kókó. Táyà iwájú kan ti já.

Oníwàásù kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ kàn án? Ọwọ́ yín kò ní gbẹ o, sà."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ dà?"

"A gé e, sà. Ẹ má bínú. Lọ́rì ni. Àwọn ará ní àwọn ò lè máa gbé ọwọ́ lé e gbàdúrà, kí Ọlọ́run lọ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ kó kó lọ́rì fún àwọn. Jíìpù là ń tọrọ."

"Kí ló dé tí ẹ fi kùn ún ní funfun?"

"Funfun ni wọ́n fi hàn wá, sà. Ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Arábìnrin kan ti jẹ́rìí. Tirẹ̀ ti dé."

"Jíìpù?"

Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, sà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni."

Mo wo táyà mẹ́ta tó kù lára ohun tí mo fi ọwọ́ mi kàn. Mo sọ fún un pé kò yà mí lẹ́nu, bí wọ́n ṣe gbé e síwájú Ọlọ́run ni Ọlọ́run ṣe fi ránṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Mo béèrè pé níbo ni wọ́n ju ẹ̀yìn tí wọ́n gé sí, nítorí pé èyí nìkan ni mo fẹ́, pákó rẹ̀ àti àtẹ̀gùn yẹn. Ó pe obìnrin kan tó ń gbálẹ̀. Obìnrin náà ronú.

"Igi yẹn? A ti fi kún igi tí a fi se ìrẹsì, sà. Ó jó dáadáa."

Ọ̀dà ló mú kó jó dáadáa. Méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì.

Láti Inísà, Òkukù kò jìnnà. Bàbá mi gbọ́ ẹsẹ̀ mi ní ìloro. "Ṣé ó dé?" ó béèrè. N kò lè purọ́ fún ẹni tí kò ríran. Ìwà ọ̀lẹ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Wọ́n gé ẹ̀yìn lọ́rì mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ibo ni wọ́n wá fẹ́ máa kó iṣu sí?"

Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí apá àga, tó ń wá ibi tó ti jẹ.

Alága sọ fún mi ní gbàǹgba pé kí ni mo ń pariwo sí, ṣebí mo mọ̀ ọ́n kàn, kí n kan òmíràn. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ èsì mi. Ìwọ̀n lọ́rì náà, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbà á, n kò kọ ọ́ síbì kankan, ẹnu náà kò sì dúró lójú kan mọ́. Mo ti gbìyànjú. Mo gbé pákó tuntun lọ bá a; ó ní orí rẹ̀ kò ga tó, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó béèrè pé orí kí ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í ní àwọ̀. Ó ronú pẹ́ títí, ó wá ní pupa ni. Mo yíjú sí ìyá mi, mo ń dúró dè é kó sọ pé gírínì ni. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà. Kò bá a jiyàn.

Nítorí náà, mo pè yín síta. Ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀, tí ẹ ṣèlérí wíwò. Ẹ̀yin alágbàǹjo, tí ẹ ka pépà mi tán tí ẹ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin àlejò pàtàkì àti ẹgbẹ́ ọkùnrin, tí ẹ ra ohun tí kì í ṣe títà tí ẹ sì fi ṣe ọrẹ. Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò, tí ẹ fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ gba àmín. Ẹ̀yin àlùfáà, tí ẹ yára gbé jígí yín kúrò ṣùgbọ́n tí ẹ fi lọ́rì bàbá mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀yin oníwàásù, tí ẹ fi ayùn gé e. Ẹ má tún jókòó ìgbìmọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ wá sí Òkukù, gbogbo yín, lójú mọmọ, nígbà tí bàbá mi ṣì rántí pé òun ní lọ́rì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò wà. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀, n kò sì ní tún jẹnẹrétọ̀ kankan ṣe fún yín. Ẹnu yín lásán ni ẹ ó fi dá a lóhùn: ta ló ní kí ẹ tà á?